Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìrànlọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́

Ìbùkún_Olú:

Ẹ kú ojúmọ́, ẹ̀yin àgbà àti ẹlẹgbẹ́ mi. Báńkì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ títí di ìsinsìnyí, lórí káńtà níbi tí a ti ń dá oníbàárà lóhùn. Yunifásítì kan ti wá gbà mí sí ọ́fíìsì tó ń rí sí ìrànlọ́wọ́ àti ìgbé-ayé akẹ́kọ̀ọ́, oṣù tó ń bọ̀ ni màá sì wọlé. Wọ́n ní màá máa gbọ́ ti àwọn ọmọ tí nǹkan bá dàrú mọ́ lọ́wọ́, màá máa dáhùn ímeèlì, màá máa kọ àkọsílẹ̀, màá sì wà lára àwọn tí yóò ṣètò ọ̀sẹ̀ ìkínikáàbọ̀ fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé.

Kí ni kí n kọ́ kí n tó débẹ̀? Ẹ̀kọ́ wo lẹ rò pé ó yẹ kí n gbà? Èyí tó ń já mi láyà jù: bí ọmọ kan bá jókòó síwájú mi tó ní ayé ti sú òun ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi òótọ́ pa mọ́ fún mi.

Ìyá_Ọgbà:

Káàbọ̀ o, ọmọ mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, n ò sì ní tàn ọ́. Sùúrù tí o kọ́ lórí káńtà á wúlò, àmọ́ oníbàárà báńkì mọ ohun tó bá wá. Akẹ́kọ̀ọ́ lè má mọ̀, tàbí kó mọ̀ kó má lè sọ. Ọmọ kan á wọlé, á ní káàdì ìdánimọ̀ òun ló sọnù, báwo lòun ṣe máa gba òmíràn. Wàá ṣàlàyé, á dúpẹ́, á dìde, á dé ẹnu ọ̀nà, á di ilẹ̀kùn mú, á wá ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, bí èèyàn ò bá lè ṣe ìdánwò torí pé wọ́n ṣòfò nílé, ṣé wọ́n ṣì lè jẹ́ kó ṣe é?" Ohun tó bá wá gan-an nìyẹn. Torí náà, má tíì yíjú sí kọ̀ǹpútà rẹ nígbà tó bá ń dìde. Ní kó padà wá jókòó, kí o bi í pé ta ló ṣaláìsí.

Ní ọ̀sẹ̀ tí o bá wọlé, má jókòó sí ọ́fíìsì. Fẹsẹ̀ rin ọgbà náà já. Dé ibi tí wọ́n ti ń san owó ilé-ìwé, ẹ̀ka ìdánwò, ilé ìwòsàn, ọ́fíìsì tó ń rí sí àwọn tó ní ìpèníjà ara, ọ̀dọ̀ àwọn ẹ̀ṣọ́, ilé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Béèrè lọ́wọ́ ẹni tó wà níbẹ̀: irú ọ̀rọ̀ wo ni kí n máa gbé wá bá yín, èwo ni kí n má gbé wá, ìgbà wo lẹ ń ti ilẹ̀kùn, ta ni mo lè pè tó bá di òru? Kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ìwé yẹn gan-an niṣẹ́ rẹ. Ọmọ tí wọ́n bá rán láti ọ́fíìsì kan sí òmíràn tó sì padà lófo kì í wá mọ́.

Bí o bá sì ń rán an lọ síbì kan, má kàn na ìka sí ọ̀nà. Bi í bóyá o lè dárúkọ rẹ̀, gbé fóònù níṣojú rẹ̀, sọ fún wọn níbẹ̀ pé ó ń bọ̀ àti ohun tó gbé e wá, kó má baà tún máa sọ ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, fi ìlà méjì ránṣẹ́ sí i: "Ṣé o rí wọn? Kí ni wọ́n wí?" Ọ̀pọ̀ nínú wa kì í ṣe apá tó gbẹ̀yìn yìí.

Akin_Fáìlì:

Mummy ti sọ ojúlówó ọ̀rọ̀. Èmi á mú ti ìwé.

Má ṣèlérí àṣírí fún ẹnikẹ́ni. Bó bá ní, "Ṣé ẹ ò ní sọ fún ẹnì kankan?", jẹ́ kó mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nǹkan lè dúró láàárín ẹ̀yin méjèèjì, ṣùgbọ́n bí ẹ̀mí rẹ̀ tàbí ti ẹlòmíì bá wà nínú ewu, wàá sọ fún ẹni tó lè ṣèrànwọ́. Kó tó bẹ̀rẹ̀ ìtàn ni kí o ti sọ ọ́. Bí o bá dúró dìgbà tó sọ tán, á rò pé o dẹ pańpẹ́ fún òun ni.

Nínú àkọsílẹ̀, kọ ohun tó sọ, ohun tí o ṣe, àti ọjọ́. "Ó ní òun kì í rí oorun sùn" dára. "Ó jọ pé orí rẹ̀ ti dàrú" kò dára, ìwọ kì í ṣe dókítà. Ọmọ náà sì lè béèrè láti rí i lọ́jọ́ kan, òfin wà lẹ́yìn rẹ̀: FERPA, òfin Amẹ́ríkà lórí àkọsílẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́, ti wà láti 1974, GDPR, òfin ààbò ìsọfúnni ti Yúróòpù, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2018, Nàìjíríà náà ṣe òfin ààbò ìsọfúnni tirẹ̀ ní 2023. Ka èyí tó bá de ilé-ìwé rẹ.

Àwọn òbí á pè ọ́. Wọ́n á ní àwọn làwọn ń sanwó. Lábẹ́ FERPA, láti ọjọ́ tí ọmọ bá ti wọ yunifásítì ni àṣẹ lórí fáìlì rẹ̀ ti kúrò lọ́wọ́ òbí, ì báà má tíì pé ọdún 18, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin náà fàyè sílẹ̀ fún ìgbà pàjáwìrì àti àwọn nǹkan díẹ̀ mìíràn. Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn ni pé, "Sà, mi ò lè sọ bóyá ó wá síbí tàbí kò wá, àmọ́ mo lè gbọ́ ohun tó ń kó yín lọ́kàn sókè." Kò sófin tó ní kí n má tẹ́tí. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo ti tipa bẹ́ẹ̀ mọ ohun tí ọmọ náà ò sọ.

Kánsẹ́lọ̀_Jẹ́jẹ́:

Àbúrò, èyí tó ń já ọ láyà ni màá dáhùn.

Bí ọmọ bá ní ayé sú òun, má wàásù fún un, má sì sọ pé kó má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Fi ohùn tútù bi í ní tààrà: "Ṣé o ń ronú láti gba ẹ̀mí ara rẹ?" Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń bẹ̀rù pé ìbéèrè yẹn ló máa fi èrò náà sí i lọ́kàn. Àwọn tó ṣèwádìí lé e lórí ò rí i bẹ́ẹ̀. Ara máa ń tu ọ̀pọ̀ àwọn tí a bá bi bẹ́ẹ̀ pé ẹnì kan lè dárúkọ rẹ̀ láìsá. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, kódà láti lọ pe ènìyàn. Jẹ́ kí ẹlẹgbẹ́ rẹ lọ pe ènìyàn, ìwọ jókòó tì í. Nọ́ńbà kánsẹ́lọ̀ ọgbà, ti àwọn ẹ̀ṣọ́ àti ti pàjáwìrì gbọ́dọ̀ ti wà lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ láti ọjọ́ tí o wọlé. Nígbà tí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe bá ti gbà á lọ́wọ́ rẹ, ìwọ ti ṣe tìrẹ. Ìwọ kọ́ lo máa wò ó sàn.

Ní ti ẹ̀kọ́, lọ gba Mental Health First Aid (MHFA), ẹ̀kọ́ lórí bí a ṣe ń ṣèrànwọ́ àkọ́kọ́ fún ẹni tí ìṣòro ọkàn bá. Ọsirélíà ló ti bẹ̀rẹ̀ ní 2000, ó sì ti tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Bí kò bá sí nítòsí rẹ, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, gbé ìwé ìtọ́sọ́nà kan jáde ní 2011 lórí bí a ṣe ń dúró ti ẹni tí ìpayà bá, ọ̀fẹ́ ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun mẹ́ta ló dá lé: wo bí nǹkan ṣe rí, tẹ́tí sílẹ̀, kí o sì so onítọ̀hún pọ̀ mọ́ ìrànlọ́wọ́.

Kí o tó bẹ̀rẹ̀, bi ọ̀gá rẹ pé ta lo máa bá sọ̀rọ̀ lẹ́yìn irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Bó bá wò ọ́ bí ẹni pé ìbéèrè yẹn ò yé e, tètè wá ẹni tìrẹ.

Tóyìn_Ìwádìí:

Ẹ jẹ́ kí n fi ìwé kún un díẹ̀. Vincent Tinto, onímọ̀ ẹ̀kọ́ ará Amẹ́ríkà, kọ̀wé ní 1975 lórí ìdí tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń fi ilé-ìwé sílẹ̀: kì í ṣe pé orí wọn ò pé, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọn kì í rí ibi tí wọ́n ti jẹ́ ara ilé, nínú ẹ̀kọ́ tàbí láàárín ẹgbẹ́. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ètò ìkínikáàbọ̀ ti fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Èyí tó wù mí jù ni ti yunifásítì Georgia State ní Amẹ́ríkà. Ní 2011, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í san gbèsè kékeré fún àwọn ọmọ tí wọ́n fẹ́ yọ orúkọ wọn kúrò ní kíláàsì nítorí owó tí kò tó nǹkan. Ní 2012, wọ́n gbé ètò kọ̀ǹpútà kan kalẹ̀ tó ń ṣọ́ ohun tó lé ní 800 nípa akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan, bí i kó forúkọ sílẹ̀ fún kọ́ọ̀sì tí kò yẹ. Àmọ́ wọ́n tún gba àwọn agbaninímọ̀ràn púpọ̀ sí i. Kọ̀ǹpútà kì í gbé fóònù kó béèrè pé kí ló dé.

Alákọ̀ọ́lé:

Tóyìn, o ò sọ èyí tó kù. William Tierney, onímọ̀ ẹ̀kọ́ bíi tirẹ̀, ta ko Tinto ní 1992. Ó ní bí ẹ bá ní akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ wọ inú àṣà ọgbà kó tó lè dúró, ẹ ń sọ fún ẹni tí àṣà rẹ̀ yàtọ̀ pé kó já tirẹ̀ sílẹ̀. Èmi náà ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án, mo ń lọ kíláàsì lálẹ́, mo sì lọ́mọ. Nígbà tí mo bá fi máa dé, ọ́fíìsì ìrànlọ́wọ́ ti kílẹ̀kùn. Aago méjì ọ̀sán ni wọ́n ń ṣe gbogbo ìpàdé "ẹ jẹ́ ká mọra". Àwọn wo ló fẹ́ mọra?

Tóyìn_Ìwádìí:

Òótọ́ ọ̀rọ̀, mo gbà.

Fẹ́mi_Kò_Sùn:

Èmi ò mọ gbogbo ti ìwé yẹn. Nọ́ńbà fóònù ara mi ni mo máa ń fún wọn. Aago kan òru, mo ń gbé e. Bẹ́ẹ̀ làwọn ọmọ ṣe ń mọ̀ pé o fẹ́ràn wọn.

Ìyá_Ọgbà:

Fẹ́mi ọmọ mi, mo kí ọ, ṣùgbọ́n Ìbùkún, má ṣe bẹ́ẹ̀. Lálẹ́ tí fóònù rẹ bá kú, ọmọ tó gbójú lé ọ kò ní mọ ibòmíràn tó lè pè. Nọ́ńbà ọ́fíìsì àti ti òru ni kí o fún un, kí o sì bá a tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù rẹ̀ kó tó jáde.

Fẹ́mi_Kò_Sùn:

Mo gbọ́ mà. Ṣùgbọ́n ibi tí èmi wà, kò sí nọ́ńbà òru kankan.

Ìyá_Ọgbà:

Hẹ̀n-ẹ́n, ó yé mi wàyí. Kọ ìyẹn sínú lẹ́tà sí àwọn ọ̀gá, kí o sì fi iye ìgbà tí wọ́n ń pè ọ́ lóru sí i. Títí wọ́n á fi dáhùn, fún wọn ní nọ́ńbà pàjáwìrì ìlú pẹ̀lú tìrẹ, kó má jẹ́ tìrẹ nìkan.

Ìbùkún_Olú:

Ẹ ṣé gan-an ni, ẹ̀yin àgbà. Mo ti ń ṣe ìwé tí Mummy sọ, màá sì wá MHFA yẹn lọ́sẹ̀ yìí. Ìbéèrè kan ló kù: ọ̀sẹ̀ ìkínikáàbọ̀. Ọ̀gá mi ní kí n mú àbá kan wá.

Alákọ̀ọ́lé:

Ẹ tún ìrìnkiri ọgbà ṣe lálẹ́ àti ní ọjọ́ Sátidé, kí ẹ sì kọ ọ́ pé èèyàn lè mú ọmọ dání.

Akin_Fáìlì:

Ẹ má kó gbogbo ìsọfúnni lé wọn lórí lọ́sẹ̀ kìíní, wọn ò ní rántí. Nígbà yẹn, ọ̀nà kíláàsì àti bí wọ́n ṣe máa sanwó ni wọ́n ń wá. Ọ̀rọ̀ ìdánwò, àtúnṣe fún àwọn tó ní ìpèníjà, bí èèyàn ṣe ń yí kọ́ọ̀sì padà, ẹ fi í ránṣẹ́ nígbà tó bá sún mọ́ ọn. Kí ẹ sì tún wọn kí ní ọ̀sẹ̀ kẹrin sí ìkẹfà, ìgbà tí iṣẹ́ àṣetiléwá àkọ́kọ́ bá ti padà dé pẹ̀lú máàkì tí wọn ò retí.

Ìyá_Ọgbà:

Ọ̀sẹ̀ tí èsì ìdánwò bá jáde náà ńkọ́, Akin? Ìbùkún, má gba ìsinmi rẹ lọ́sẹ̀ yẹn o. Ìlà á dé ìta.