Mo ti rí ìwé Beano tí mò ń wá, ẹ ṣeun gan-an

Ẹ̀yin ará mi, mo ti rí i! Lóṣù tó kọjá ni mo bi yín nípa ìwé ọdọọdún Beano, ìwé àwòrán apanilẹ́rìn-ín àwọn ọmọdé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí bàbá mi rà fún mi ní Kérésìmesì 1981, nígbà tí à ń gbé ní Peckham ní London, tó wá sọnù nígbà tí a kó kúrò níbẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ 1981 sí lára ni mò ń wá kiri. Mo tiẹ̀ rà á, kì í ṣe òun.

Ẹni tó ní kí n wá 1982 ló là mí lójú. Ọdún tó ń bọ̀ ni wọ́n máa ń kọ sí èèpo rẹ̀, torí ṣáájú Kérésì ni wọ́n ti ń gbé e jáde.

Ó dé láàárọ̀ Sátidé. Ẹnì kan ti fi àlùmọ́gàjí gé igun ojú ewé àkọ́kọ́, níbi tí iye owó wà. Báyẹn gan-an ni bàbá mi ṣe gé tèmi, kí n má bàa mọ iye tó ná. Mo fọwọ́ pa igun yẹn títí, omijé bọ́ lójú mi.

Dennis, ọmọkùnrin aláìgbọràn inú ìwé náà, nìyẹn, nínú súwẹ́tà onílà pupa àti dúdú tó ti ń wọ̀ bọ̀ láti 1951, pẹ̀lú Gnasher ajá rẹ̀. Minnie, ọmọbìnrin oníjàngbọ̀n, náà wà níbẹ̀. Yorùbá là ń sọ nílé. Ẹnu àwọn ọmọ wọ̀nyí ni mo ti kọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń sọ ní pápá ìṣeré.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ fi tiyín ránṣẹ́ sí mi, ẹ má wulẹ̀ ṣèyọnu mọ́. Ẹ jẹ́ káwọn ọmọ yín kà á.