Báwo lẹ ṣe ń wọn ààbò ní sáìtì kékeré?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa ààbò ibi ìkọ́lé. Èmi ni mò ń mójú tó o ní sáìtì ilé alájà mẹ́rin kan ní Ẹ̀búté Mẹ́ta. Ọ̀gá mi ní kí n fi tiwa wé ti àwọn kọ́ńtírákítọ̀ ńlá.

Mo mọ̀ pé a máa ń fi 200,000 (iye wákàtí tí òṣìṣẹ́ 100 ń ṣe lọ́dún) sọ iye ìfarapa di púpọ̀, ká wá fi àpapọ̀ wákàtí iṣẹ́ pín in. Àwọn mìíràn ń lo 1,000,000. Àwa jẹ́ 40, wákàtí 9 lójúmọ́, ọjọ́ 6 lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 13: wákàtí 28,080. Ẹnì kan ṣoṣo ló farapa; tí a bá lo 200,000, ó di 7.1. Ká ní kò farapa ni, òdo ni ì bá jẹ́! Ṣé ìwọ̀n nìyẹn?

Àbá sì ni wákàtí yẹn, torí àwọn lébírà ojoojúmọ́ kì í fọwọ́ síwèé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìṣó gún ọ̀kan lẹ́sẹ̀. Ọ̀rá pọ́ọ̀ wọ́tà ló fi wé e, ó ń ru búlọ́ọ̀kù lọ. Ó ní bí fọ́máànù bá rí òun, owó ọjọ́ náà lọ nìyẹn. Irú èyí kì í dé inú ìwé mi.

Ṣé kí n kúkú máa ka ohun tó ń ṣáájú ìjàǹbá, bíi pákó tí kò dúró dáadáa àti ẹni tí kò dé hẹ́mẹ́ẹ̀tì? Kí lẹ̀yin ń kà? Báwo lẹ sì ṣe mú kí àwọn lébírà máa sọ̀rọ̀ láìbẹ̀rù?