Kí la ó máa pe ọ̀rọ̀ tí ìyá fẹnu ara rẹ̀ sọ?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará mi. Ẹ̀gbọ́n kan láàárín wa dábàá "dátà ìjábọ̀ aláìsàn" fún ohun tí obìnrin fúnra rẹ̀ bá sọ nípa oyún àti ìbí rẹ̀, tí àwọn ilé ìtọ́jú ń kó jọ láti fi tún iṣẹ́ wọn ṣe. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò bọ́ sí mi lẹ́nu.

Aboyún kì í ṣe aláìsàn. Ẹ pe obìnrin tó wá yẹ oyún wò ní ilé ìtọ́jú Ẹlẹ́yẹlé níbí ní aláìsàn, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́" ni yóò fi dá yín lóhùn. "Ẹ kú ewu ọmọ" la ń kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ: ewu ni, kì í ṣe àìsàn. Ìjábọ̀ ńkọ́? Ẹni tí a rán níṣẹ́ ló ń jábọ̀ fún ẹni tó rán an. Ta ló rán ìyá ọmọ níṣẹ́? Dátà sì rèé, èyí tí wọ́n ń rà sórí fóònù ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ ọ́n sí.

Inú àdúrà tí gbogbo wa mọ̀ ni mo ti mú tèmi: a ó gbọ́ ohùn ìyá, a ó gbọ́ ohùn ọmọ. "Àkójọ ohùn ìyá" ni mo dábàá. Mo kọ́kọ́ ro "abiyamọ", àmọ́ abiyamọ ti gbé ọmọ pọ̀n; ẹni tí ọmọ rẹ̀ kú lọ́jọ́ ìkúnlẹ̀ wá ńkọ́? Ohùn tirẹ̀ gan-an ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́. Àdúrà yẹn ti pè é ní ìyá kó tó rọbí rárá.

Ìtumọ̀ ìbéèrè tún le ju orúkọ lọ. Ìbéèrè mẹ́wàá kan wà tí wọ́n ṣe ní Edinburgh ní ilẹ̀ Scotland, tó jáde ní 1987, tí wọ́n fi ń mọ̀ bí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn bá ń bá ẹni tó bímọ jà. Bí a bá tú ọ̀kan nínú wọn bó ṣe wà lédè Gẹ̀ẹ́sì, "nǹkan ń gun orí mi" ló máa dà. Kí ni ìyá ará Iléṣà yóò gbọ́ nínú ìyẹn? Òrìṣà ní í gun èèyàn! Ẹ̀rù á bà á, á ní rárá, wọ́n á kọ òdo sí i, a ó sì rò pé ara rẹ̀ dá. "Apá mi ò ká nǹkan mọ́" ló yẹ kí á kọ.

Àbúrò mi obìnrin forúkọ oyún sílẹ̀ níbì kan, ó bí níbòmíràn, ó ń gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ níbi kẹta. Ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ní káàdì tirẹ̀. Oṣù márùn-ún ni ìtọ̀ fi ń jò lára rẹ̀, kò sẹ́ni tó bi í, ojú sì ń tì í láti sọ. Bẹ́ẹ̀ ìbéèrè nípa ìtọ̀ tó ń jò wà nínú àtòjọ tí ICHOM, àjọ àgbáyé kan tó ń to ohun tó yẹ kí ilé ìtọ́jú máa bi aláìsàn léèrè, ṣe fún oyún àti ìbí, èyí tí wọ́n ń fi bi ìyá léèrè láti ìbẹ̀rẹ̀ oyún títí di oṣù mẹ́fà lẹ́yìn ìbí. Tí ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá fẹ́ jọ lo ohun tó sọ, ọ̀rọ̀ kan náà ni kí wọ́n fi bi í. Bí ẹnì kan bá ní "ṣé ìtọ̀ ń jò?", tí ẹlòmíràn ní "ṣé àtọ̀sí ni?", ẹ ti bú obìnrin náà nìyẹn, kò sì ní la ẹnu mọ́.

Ìmẹ̀sí-Ilé kò jìnnà sí wa. Ibẹ̀ ni dókítà David Morley ti fi káàdì ìdàgbàsókè ọmọ lé àwọn ìyá lọ́wọ́ láwọn ọdún 1950, tí wọ́n ń gbé e relé. Irú káàdì bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ kí á tẹ àwọn ìbéèrè yìí sí, ní Yorùbá kan ṣoṣo, kó máa bá ìyá lọ síbi gbogbo.

Fún àwọn ilé ìtọ́jú tó jọ ń ṣe é, "alájọtọ́jú" ló wá sí mi lọ́kàn, kò tíì tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹni tó bá mọ bí àwọn agbẹ̀bí Iléṣà ṣe ń sọ ọ́ láàárín ara wọn, kó jọ̀wọ́ kọ ọ́ fún wa.