Kọ̀ǹpútà fún fídíò àti àwòrán, owó ò pọ̀: kí ni kí n kọ́kọ́ rà?

Aláwòrán_Bódìjà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Mo fẹ́ to kọ̀ǹpútà orí tábìlì. Fídíò ìgbéyàwó àti ìsọmọlórúkọ ni mo fẹ́ máa fi ṣe nínú Premiere Pro (4K, kámẹ́rà Sony A7 IV), àti àwòrán RAW nínú Lightroom òun Photoshop. Gbogbo wọn ló máa ń wà ní ṣíṣí lẹ́ẹ̀kan náà, Chrome náà á sì wà níbẹ̀. Ohun tí mo kọ sílẹ̀ rèé:

Ryzen 5 5600, motherboard A520, RAM 16GB ẹyọ kan, RTX 3060 12GB, SSD 500GB, àti power supply "700W" tí wọ́n máa ń tà mọ́ àpótí rẹ̀.

Graphics card ló gba nǹkan bí ìdajì owó náà, torí wọ́n ní òun ló ń ṣe fídíò. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí? Àbí kí n kúkú ra tòkunbọ̀? Ẹ sì mọ bí iná ṣe rí níbí, NEPA lónìí, jẹnẹrétọ̀ lọ́la.

Olóòtú_Alẹ́

Ibi tí iṣẹ́ yín máa há sí kọ́ ni graphics card. Tí ẹ bá gbé fídíò sórí timeline, ohun tí kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ ń ṣe ni pé ó ń tú fáìlì tí kámẹ́rà ti fún pọ̀, férémù kan tẹ̀lé òmíràn. Ẹ̀yìn ìyẹn ni graphics card tó dé: àwọ̀ Lumetri, blur, fífẹ àwòrán tàbí dídín in kù. Bí títú yẹn bá ń falẹ̀, bó ti wù kí graphics card lágbára tó, fídíò á máa já.

XAVC HS inú A7 IV yín (ọ̀kan nínú ọ̀nà tí kámẹ́rà ń gbà kọ fídíò sílẹ̀), H.265 10-bit ni (H.265 àti H.264 jẹ́ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fún fídíò pọ̀), ó sì ṣeé gbà ní 4:2:2 (èyí tó ń tọ́jú àwọ̀ ju 4:2:0 lọ). RTX 3060 ò lè tú H.265 4:2:2. Orí processor ni gbogbo ẹrù yẹn á wá bọ́ sí, Ryzen 5 5600 ò sì ní graphics kankan nínú tó máa bá a gbé e. Core i5-12400 ní tiẹ̀ ní UHD 730 (graphics Intel) nínú, Quick Sync (apá tó wà fún títú fídíò) tó wà nínú UHD yìí sì ń tú H.265 4:2:2 10-bit wẹ́rẹ́. Torí náà, i5-12400 ni kí ẹ rà. Ẹ má ra 12400F o! F yẹn túmọ̀ sí pé kò sí graphics nínú rẹ̀, Quick Sync náà ò sì sí níbẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó ń tà á lè ní ọ̀kan náà ni wọ́n. Fún iṣẹ́ tiyín, wọn kì í ṣe ọ̀kan náà rárá.

Ẹ kíyè sí i pé XAVC S 4:2:2 jẹ́ H.264, Quick Sync ti 12400 kì í tú ìyẹn. Nínú kámẹ́rà, ẹ yan XAVC HS, tàbí kí ẹ lo 4:2:0. Èyí tí ẹ bá ti yà tẹ́lẹ̀, ẹ ṣe proxy (ẹ̀dà tó fúyẹ́ fún gígé) fún un ní ProRes Proxy 1280×720, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gé e.

Ó kan RAM. Bí ẹ bá fi Photoshop sílẹ̀ bó ṣe wà, ó lè gba nǹkan bí 70% nínú RAM tó rí. Premiere náà ń fẹ́ tiẹ̀, Chrome náà ń fẹ́ tiẹ̀. Nínú 16GB, Windows á bẹ̀rẹ̀ sí í kó nǹkan lọ sórí SSD, ìdí nìyẹn tí kọ̀ǹpútà fi máa ń dákẹ́ lọ gbári tí ẹ bá kúrò nínú Photoshop padà sí Premiere. 32GB ni kí ẹ rà, 16GB méjì, DDR4-3200. Ẹyọ kan ṣoṣo ń lo ojú ọ̀nà kan dípò méjì, UHD 730 sì ń yá lára RAM yẹn náà. Tówó bá fẹ́ kù díẹ̀ káàtó, RTX 3050 8GB ni kí ẹ sọ̀ kalẹ̀ sí, ẹ má fọwọ́ kan RAM. Ibi tí ẹ ti máa mọ̀ pé 3060 ò sí ni Denoise ti Lightroom, ó máa pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

SSD: NVMe (SSD tó yára, tó ń wọ ojú M.2 lára motherboard) 500GB fún Windows àti àwọn software, NVMe 1TB fún iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ àti Media Cache (àwọn fáìlì ìgbà díẹ̀ tí Premiere ń ṣe). Iṣẹ́ tó bá ti parí ni kẹ́ ẹ kó lọ sórí hard disk. Ẹ ṣọ́ra fún SSD QLC olówó pọ́ọ́kú: ó á yára ní ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ẹ bá ń da 200GB fídíò ìgbéyàwó sórí rẹ̀, cache rẹ̀ (apá rẹ̀ tó yára) á kún, ó á wá máa rìn bíi hard disk. Ẹ má jẹ́ kó kún dẹ́nu.

Bàbá_Wáyà

"700W" yẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù. Má wo nọ́ńbà ńlá tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Yí i padà, wo ìlà +12V lára lébẹ́ẹ̀lì, kí o sì fi 12 sọ ampere rẹ̀ di púpọ̀. Bí ó bá jẹ́ 20A, 240W ni o rà. 550W gidi máa ń ní 40A àti jù bẹ́ẹ̀ lọ níbẹ̀.

Jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. i5-12400 lè dé 117W tó bá ń sáré, RTX 3060 jẹ́ 170W, motherboard, SSD àti fáànù lè gba nǹkan bí 50W. Kò tó 350W. 550W 80 Plus Bronze tó ní orúkọ ti tó ọ, má sì rà á ní àlòkù.

Tó o bá ń ra UPS, W ni kó o wò, má wo VA. Èyí tí wọ́n kọ 650VA sí lára lè má gbé ju 360W lọ, kọ̀ǹpútà àti monitor á sì jọ wà lórí rẹ̀. Inverter tó jẹ́ modified sine wave (tí iná rẹ̀ ò rí bíi ti NEPA) máa ń dá power supply tó ní active PFC (apá tó ń ṣètò bó ṣe ń fa iná) láàmú: á máa kùn, tàbí kí ó kú nígbà tí iná bá yí. Pure sine wave ni kó o lò. Jẹnẹrétọ̀ kékeré, má fi firíìjì sórí rẹ̀ pẹ̀lú kọ̀ǹpútà láìsí stabilizer. Ìgbà tí firíìjì bá tan ni iná máa ń lọ sílẹ̀ lójijì.

Bó bá jẹ́ orí inverter lo máa wà lọ́pọ̀ ìgbà, RTX 3050 6GB ń jẹ 70W péré, kò sì nílò wáyà iná tiẹ̀. Kò yára tó 8GB, ṣùgbọ́n bátìrì á pẹ́ sí i.

Ìkẹjà_Pátì

Lórí tòkunbọ̀: àwọn OptiPlex (Dell) àti EliteDesk (HP) pẹlẹbẹ wọ̀nyẹn dára fún ọ́fíìsì. Power supply wọn kéré, ẹnu wáyà rẹ̀ yàtọ̀, èyí tó wà lọ́jà ò sì lè wọ̀ ọ́. Graphics card kúkúrú (low-profile) nìkan ló máa gbà. Quick Sync inú Core i7 4th gen tí wọ́n máa ń fi polówó kò lè tú H.265 10-bit. Windows 11 ń fẹ́ 8th gen sókè, Windows 10 sì ti kúrò lábẹ́ àbójútó láti 14 October 2025.

Graphics card àlòkù ṣeé rà, ṣùgbọ́n ẹ dán an wò lójú ẹni tó ń tà á. Ẹ ṣí GPU-Z, torí àwọn card kan wà tí wọ́n ti yí orúkọ wọn padà. GPU-Z máa ń kọ FAKE sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ fi FurMark sáré ìṣẹ́jú 15. Bí ẹ bá rí àmì tóótòòtó lójú screen, tàbí fáànù kan ò yí, ẹ dá a padà.

Aláwòrán_Bódìjà

Ẹ ṣeun gan-an ni. Motherboard wo ni kí n fi gbé 12400 náà? Ibo sì ni kí n ki wáyà monitor bọ̀, ṣé ara motherboard ni, kí Quick Sync lè ṣiṣẹ́?

Olóòtú_Alẹ́

B660 tó ń lo DDR4. H610 lè gbé e, ṣùgbọ́n M.2 kan ṣoṣo ló wà lára ọ̀pọ̀ wọn, méjì lẹ sì nílò. Ẹ ka orúkọ rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó sanwó: D4 tàbí DDR4 gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, torí DDR4 kì í wọ ojú DDR5.

Ara graphics card ni wáyà monitor ń lọ. Bí ojú RAM bá jẹ́ mẹ́rin, ẹ ki RAM sí ìkejì àti ìkẹrin láti ẹ̀gbẹ́ processor. Ẹ má gbàgbé wáyà iná processor tó ní ẹnu 8 lókè motherboard. Bí kò bá sí níbẹ̀, fáànù á yí, screen ò ní mú nǹkan wá. Nínú BIOS (ojú ìṣètò motherboard tó ń ṣí kí Windows tó wọlé), ẹ tan XMP, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ RAM 3200 lè máa sáré ní 2133 tàbí 2400. Ẹ tan iGPU Multi-Monitor pẹ̀lú, torí ọ̀pọ̀ motherboard máa ń pa UHD tí wọ́n bá ti rí graphics card.

Ẹ fi driver Intel sí i. Nínú Premiere, ẹ lọ sí Preferences, Media, kí ẹ máàkì Intel lábẹ́ hardware accelerated decoding, kí ẹ sì tún Premiere ṣí. Ẹ wá ṣí Task Manager, kí ẹ máa wo Video Decode lábẹ́ Intel UHD bí fídíò 4:2:2 ṣe ń lọ. Tí ìlà rẹ̀ bá ń gòkè, ó ti ń ṣiṣẹ́. Tó bá wà nílẹ̀ pẹrẹsẹ, tí CPU ń sáré ní 100%, ẹ padà sí BIOS.