Ta ló ti gba amọ̀nà tirẹ̀ nìkan láti wo àwókù àwọn ará Róòmù ìgbàanì?

Ọmọ Aláró: Mo kí gbogbo yín o. Èmi àti ìyá mi, tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ń múra àtilọ sí Róòmù lẹ́yìn Ọdún Àjíǹde, a sì fẹ́ wo Colosseum (ilé ìwòran ńlá àtijọ́), Forum (gbàgede àárín ìlú ìgbàanì) àti òkè Palatine. Iye tí wọ́n ń béèrè fún amọ̀nà tí yóò tẹ̀lé àwa méjì nìkan tó ìlọ́po mẹ́rin iye tí a óò san bí a bá dara pọ̀ mọ́ ọ̀wọ́ èrò. Kí ẹ tó sọ fún mi pé kí n fi owó náà ra ẹ̀wù, ẹ jọ̀wọ́, ẹni tó bá ti gba irú amọ̀nà bẹ́ẹ̀ rí, ní Róòmù tàbí níbikíbi tí àwọn ará Róòmù kọ́lé sí, kí ó sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí fún wa.

Ìyá Ìbejì: Ẹ san owó náà. Ìyá ẹni kì í ṣe ẹrù tí à ń wọ́ tẹ̀lé èrò.

Arìnrìn-àjò: Mo gba amọ̀nà kan ní Róòmù, obìnrin tó kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ìwádìí ohun àtijọ́ ní yunifásítì, tó sì fi ìwé àṣẹ rẹ̀ kọ́ ọrùn. Kò kọ́kọ́ mú wa lọ sí Colosseum rárá. Forum ló mú wa wọ̀ ní kété tí wọ́n ṣílẹ̀kùn, nígbà tí oòrùn kò tíì mú, ó sì dá wa dúró níwájú tẹ́ḿpìlì Antoninus, ọba Róòmù kan, àti Faustina ìyàwó rẹ̀, èyí tí wọ́n ti sọ di ṣọ́ọ̀ṣì láti ìgbà pípẹ́. Ó ní ká wo ilẹ̀kùn rẹ̀. Ilẹ̀kùn náà wà lókè réré, kò sì sí àtẹ̀gùn kankan tó dé ẹsẹ̀ rẹ̀. Obìnrin náà kò ṣàlàyé títí àwa fúnra wa fi rò ó síwá rò ó sẹ́yìn. Ìgbà yẹn ló wá sọ pé nígbà tí wọ́n ṣe ilẹ̀kùn náà, ilẹ̀ ga dé ẹnu rẹ̀, nítorí pé iyẹ̀pẹ̀ àti pàǹtí ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún ti bo Forum mọ́lẹ̀, débi pé màlúù ni wọ́n ń dà níbẹ̀, tí àwọn ará ìlú sì ń pe ibẹ̀ ní pápá màlúù, Campo Vaccino. Mo ti rí fọ́tò tẹ́ḿpìlì yẹn lọ́pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n ojú mi kò mọ́ ilẹ̀kùn náà rí.

Lẹ́yìn èyí ni a dé ẹnubodè ìṣẹ́gun ọba Róòmù tó ń jẹ́ Septimius Severus, tí wọ́n yà sí mímọ́ ní ọdún 203. Ó tọ́ka sí ìlà kẹrin àkọlé tó wà lórí rẹ̀. Àwọn ihò kéékèèké tí wọ́n fi kan lẹ́tà idẹ àkọ́kọ́ mọ́ òkúta níbẹ̀ kò bá lẹ́tà tí à ń kà níbẹ̀ báyìí mu. Orúkọ Geta, ọmọ Severus, ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí bàbá wọn kú ní ọdún 211, Caracalla, ẹ̀gbọ́n Geta, pa àbúrò rẹ̀ yìí, ó pàṣẹ pé kí wọ́n pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ níbi gbogbo, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ ìyìn fún òun àti bàbá rẹ̀ dí àyè náà. Mo dúró níbẹ̀ pẹ́ títí, amọ̀nà náà kò sì kán mi lójú, nítorí pé kò sí ẹlòmíràn tó ń dúró dè wá. Ohun tí mo sanwó fún gan-an nìyẹn.

Elérò Tirẹ̀: Gbogbo ohun tí ẹ kọ yìí wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ̀gbọ́n, fóònù mi kì í sì í kán mi lójú. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni ìdí tí amọ̀nà yín kò fi sọ fún yín pé aláwọ̀ dúdú ni Severus.

Arìnrìn-àjò: Ó sọ pé Leptis Magna, ní Líbíyà òde òní, ni wọ́n bí i sí ní ọdún 145. Kò sọ nǹkan kan nípa àwọ̀ rẹ̀, èmi náà kò sì béèrè.

Tíṣà Látìn: Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀. Àwọn ará Púníìkì, ìyẹn àwọn tó tan mọ́ Carthage, ìlú àtijọ́ kan ní àríwá Áfíríkà, ni ìdílé bàbá Severus, ìdílé ìyá rẹ̀ sì ṣẹ̀ wá láti Ítálì. Àwòrán kan wà ní Berlin tí wọ́n kùn sórí pákó láyé ọjọ́un, tó fi òun, ìyàwó rẹ̀ Julia Domna àti àwọn ọmọ wọn méjèèjì hàn. Lóòótọ́, àwọ̀ Severus dúdú ju ti ìyàwó rẹ̀ lọ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n àṣà àwọn ayàwòrán ìgbà náà ni láti fi ọ̀dà tó dúdú jù kun ọkùnrin. Ọmọ Áfíríkà ni, kò sí àríyànjiyàn nínú ìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ lọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó mú ẹ̀rí wá. Nínú àwòrán yẹn kan náà, wọ́n ti ha ojú ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà kúrò pátápátá, Geta sì ni àwọn onímọ̀ gbà pé ó jẹ́.

Ìyá Ìbejì: Ẹ̀gbọ́n wo ló ń ṣe irú èyí sí àbúrò rẹ̀, Ọlọ́run mi!

Elérò Tirẹ̀: Ìbéèrè lórí Severus ni mo bi yín, àṣà àwọn ayàwòrán lẹ fi dá mi lóhùn.

Ará Carlisle: Bí ẹ bá ń wá àwọn ọmọ Áfíríkà nínú ìtàn Róòmù, ẹ fi ọba sílẹ̀, ẹ wá wo ọmọ ogun ní ọ̀dọ̀ wa ní àríwá Ẹ́ńgílándì. Ọdún 122 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í mọ Odi Hadrian, odi ààlà tí ọba Róòmù tó ń jẹ́ orúkọ yẹn ní kí wọ́n mọ, ó sì gùn tó máìlì 73 láti etí omi kan dé èkejì. Àwókù àgọ́ ológun Housesteads àti ti Vindolanda ni wọ́n máa ń kó ọ̀wọ́ èrò lọ, nítorí pé òkúta tí ènìyàn lè yà ní fọ́tò pọ̀ níbẹ̀. Èmi gba amọ̀nà kan, ajagunfẹ̀yìntì tó ń gbé lágbègbè wa, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó mú mi lọ sí Burgh-by-Sands. Ó bi mí bóyá mo mọ̀ pé kò sí nǹkan kan láti wò níbẹ̀. Mo ní mo mọ̀.

Lóòótọ́ ni kò sí nǹkan. Abúlé kékeré ni, pẹ̀lú pápá koríko àti ṣọ́ọ̀ṣì kan tí wọ́n fi òkúta àwọn ará Róòmù kọ́. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni àgọ́ ológun tí wọ́n ń pè ní Aballava wà, àkọlé kan láti ọ̀rúndún kẹta sì fi hàn pé ẹgbẹ́ ọmọ ogun àwọn Moor, tí wọ́n kó wá láti àríwá Áfíríkà, ló ń ṣọ́ ọ. Ní ọdún 2016, David Olusoga, onímọ̀ ìtàn tí wọ́n bí ní Èkó, wà lára àwọn tó fi àmì ìrántí wọn lélẹ̀ níbẹ̀. Òjò ń rọ̀, atẹ́gùn ń fẹ́, mo sì ń ro bí òtútù yẹn yóò ti ṣe ẹni tó ti apá aṣálẹ̀ wá. Bí ẹni pé amọ̀nà náà mọ ohun tí mo ń rò, ó sọ fún mi pé lára àwọn wàláà pákó tí wọ́n ti ń hú jáde ní Vindolanda láti ọdún 1973, ọ̀kan sọ̀rọ̀ nípa ìbọ̀sẹ̀ àti àwọ̀tẹ́lẹ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan lágọ̀ọ́. Ó ní irú ẹrù bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìyá òun máa ń fi ránṣẹ́ sí òun nígbà tí òun wà lójú ogun. Ẹ jẹ́ kí fóònù yín sọ ìyẹn fún yín, Elérò Tirẹ̀.

Elérò Tirẹ̀: Mo gba ti ìbọ̀sẹ̀. N kò tíì gba ti owó.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Nítorí pé ẹ dárúkọ wàláà ni mo ṣe dá sí i. Ìlú Bath, ní Ẹ́ńgílándì, ni mo ń gbé. Omi gbígbóná ń tú jáde látinú ilẹ̀ níbẹ̀ lójoojúmọ́, ó ju mílíọ̀nù kan lítà lọ, ìgbóná rẹ̀ sì tó ìwọ̀n 46 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Àwọn ará Róòmù kọ́ ilé ìwẹ̀ sí i, wọ́n sì kọ́ tẹ́ḿpìlì fún Sulis Minerva, òrìṣà obìnrin tó ni omi náà. Nígbà tí wọ́n gbẹ́ ibi ìsun omi yìí, wọ́n rí nǹkan bí 130 wàláà òjé pẹlẹbẹ, tí ọ̀pọ̀ wọn wà ní kíká. Èpè ló wà nínú wọn! Ẹni tí wọ́n bá jí nǹkan rẹ̀ yóò kọ ọ́ sórí òjé, yóò fa olè náà lé òrìṣà lọ́wọ́, yóò sì jù ú sómi. Bí kò bá mọ olè náà, yóò kọ pé “ìbáà jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin, ìbáà jẹ́ ẹrú tàbí òmìnira,” kí ẹnikẹ́ni má baà bọ́.

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ni a jọ gba amọ̀nà. Ó ka ti ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Docimedis fún wa: ìbọ̀wọ́ rẹ̀ méjì ló sọnù, ó sì bẹ̀bẹ̀ pé kí orí ẹni tó jí i dàrú, kí ojú rẹ̀ sì fọ́ nínú tẹ́ḿpìlì òrìṣà náà. Bí ó ti kà á tán ni ọ̀rẹ́ mi dáhùn pé, “Àṣẹ.” Amọ̀nà náà béèrè ohun tó wí, a ṣàlàyé fún un, ni kò bá jẹ́ ká lọ mọ́. Ó fẹ́ mọ ẹni tó lè gégùn-ún láàárín wa, bóyá wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀, àti bóyá wọ́n ń ké sí odò. Nínú ọ̀wọ́ èrò, wọn ì bá ti tì wá síwájú.

Ọkọ Yétúndé: Ìbọ̀wọ́ méjì, ojú méjì. Ọ̀gbẹ́ni náà mọ ìṣirò.

Ìyá Ìbejì: Ẹ rò pé ọ̀rọ̀ eré ni? Ẹni tó bá mọ òtútù ìlú òyìnbó kò ní bá Docimedis wí.

Akọrin Kátólíìkì: Ẹ̀yin ará, ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú ohun tí ẹ ń ṣe àṣẹ sí. Èpè àwọn abọ̀rìṣà kò kan ọmọ Ọlọ́run.

Tíṣà Látìn: Ó kàn yín. Ọ̀kan wà lára àwọn wàláà náà tí ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Annianus kọ nígbà tí wọ́n jí owó fàdákà mẹ́fà nínú àpò rẹ̀, ohun tó sì kọ́kọ́ kọ ni pé “ìbáà jẹ́ abọ̀rìṣà tàbí Kristẹni.”

Ọkọ Yétúndé: Annianus mọ àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀.

Akọrin Kátólíìkì: Mo gbọ́, ẹ rẹ́rìn-ín yín tán. Ọ̀wọ́ èrò ni èmi bá lọ sí Róòmù ní ọdún Jùbílì 2025. A pọ̀, àsíá kan ni a ń tẹ̀ lé, ohun ìgbọ́rọ̀ tí wọ́n kì bọ̀ wá létí sì ń gbé ohùn amọ̀nà àwọn ẹlòmíràn wá, tí èdè rẹ̀ kò yé wa. Síbẹ̀, nígbà tí mo rí àgbélébùú tó wà nínú Colosseum, omi bọ́ lójú mi nítorí àwọn Kristẹni tí Nero, ọba Róòmù, jù fún kìnnìún níbẹ̀.

Tíṣà Látìn: Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n, Nero kò fojú kan Colosseum rí. Ó kú ní ọdún 68. Ọba Vespasian ló bẹ̀rẹ̀ ilé náà lórí ilẹ̀ tí adágún omi ààfin Nero wà tẹ́lẹ̀, Titus ọmọ rẹ̀ ló sì ṣí i ní ọdún 80. Gẹ́gẹ́ bí Tacitus, òǹkọ̀tàn ará Róòmù, ti kọ ọ́, inú ọgbà Nero fúnra rẹ̀ ló ti fìyà jẹ àwọn Kristẹni lẹ́yìn iná tó jó ìlú ní ọdún 64, apá Vatican sì nìyẹn. Ẹ̀rí pé wọ́n pa Kristẹni nínú Colosseum gan-an kò pọ̀ rárá. Ọ̀rúndún kejìdínlógún ni Póòpù Benedict XIV tó yà á sọ́tọ̀ fún ìrántí àwọn ajẹ́rìíkú, nígbà tí àwọn ènìyàn ti kó òkúta rẹ̀ lọ kọ́ ààfin fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún.

Akọrin Kátólíìkì: Ṣé ẹ fẹ́ kí n kó omijé mi padà ni?

Tíṣà Látìn: Rárá o. Ẹkún yín tọ́, ojúbọ rẹ̀ ni kò tọ́.

Ọkọ Yétúndé: Èmi àti ìyá ìyàwó mi ni a jọ lọ sí Pompeii, ìlú Ítálì tí eérú òkè ayọnáyèéfín bò mọ́lẹ̀. Ọkùnrin kan pàdé wa lójú ọ̀nà, ó pe ara rẹ̀ ní amọ̀nà, ṣùgbọ́n a kò rí ìwé àṣẹ kankan lọ́rùn rẹ̀, a sì kọjá lára rẹ̀ lọ bá ẹni tí a ti bá ṣe àdéhùn. Èyí yìí mọ iṣẹ́. Ó fi ipa táyà kẹ̀kẹ́ ẹrù hàn wá lójú òkúta títì, ó fi àwọn òkúta gíga tí ẹlẹ́sẹ̀ ń tẹ̀ sọdá hàn wá, ó sì ṣàlàyé bí Fiorelli, ọ̀gá àwọn tó ń hú ìlú náà jáde, ti bẹ̀rẹ̀ sí í da ẹfun rírọ̀ sínú ihò tí òkú fi sílẹ̀ nínú eérú ní ọdún 1863, tí àwòrán àwọn tó kú ní ọdún 79 fi jáde. Nígbà tó kù díẹ̀ ká dé ilé àwọn aṣẹ́wó, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì béèrè wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bóyá kí Màmá dé ibẹ̀. Mo ní kí ó jẹ́ ká gba ọ̀nà ilé búrẹ́dì.

Ẹ kò mọ̀ pé Màmá ti fi búrẹ́dì tọ́ ọmọ márùn-ún ní Abẹ́òkúta. Nígbà tó rí ààrò bíríkì náà, ó ní kò sí ìyàtọ̀ láàárín rẹ̀ àti tòun. Amọ̀nà sọ pé ìṣù búrẹ́dì 81 ni wọ́n bá nínú ààrò ilé búrẹ́dì kan nílùú náà, tí gbogbo wọn ti di èédú, tí wọ́n sì la ojú wọn sí ọ̀nà mẹ́jọ. Màmá ní ojú tí wọ́n là náà wà fún alágbàtà, kí ó lè bù ú tà láìwá ọ̀bẹ. Ọkùnrin náà mú ìwé, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló sọ fún wa nípa búrẹ́dì kan láti Herculaneum, ìlú ìtòsí tí òkè náà bò mọ́lẹ̀ pẹ̀lú, tí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ sí, tó sọ pé ti Celer ni, ẹrú Quintus Granius Verus. Màmá dákẹ́ lórí ìyẹn. Lálẹ́ ló tó sọ pé orúkọ ẹrú náà ló kọ́kọ́ wà lórí búrẹ́dì, kí wọ́n tó dárúkọ olówó rẹ̀.

Elérò Tirẹ̀: Màmá yín ni ó yẹ kí amọ̀nà sanwó fún.

Ọmọ Aláró: Ẹ ṣeun púpọ̀. Ìyá mi ń ka ọ̀rọ̀ yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ìbéèrè kan ṣoṣo tó sì ní ni bóyá Bath jìnnà sí Lọ́ńdọ̀nù, nítorí pé gèlè aṣọ òkè òun kan sọnù níbi ìnáwó kan.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Kò jìnnà, ọkọ̀ ojú irin ń wá tààrà láti Paddington. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún Ìyá pé wọn kì í jẹ́ kí ènìyàn ju òjé sínú omi náà mọ́, wọn kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wẹ̀ níbẹ̀.

Arìnrìn-àjò: Ọmọ Aláró, kí ọ̀rọ̀ gèlè tó gbé wa lọ: ẹ béèrè bóyá owó tíkẹ́ẹ̀tì wà nínú iye tí wọ́n dá lé yín, nítorí pé orúkọ tó wà nínú ìwé ìrìnnà yín gbọ́dọ̀ bá ti tíkẹ́ẹ̀tì Colosseum mu. Ẹ̀rọ agbéniròkè wà nínú Colosseum, ṣùgbọ́n òkúta títì Forum rí gbágungbàgun, kò sì dára fún orúnkún àgbà. Ẹ sọ fún amọ̀nà ṣáájú, yóò yan ọ̀nà tó tẹ́jú. Ẹ mú ìgò òfìfo dání, omi mímu ń ṣàn lọ́fẹ̀ẹ́ láti ẹnu ẹ̀rọ ìgboro.

Ìyá Ìbejì: Ṣé wọ́n ń retí owó ìdúpẹ́ lẹ́yìn gbogbo ìyẹn?

Arìnrìn-àjò: Kò pọn dandan ní Ítálì. Èmi fún un, ó sì gbà á tayọ̀tayọ̀.