Abólọ́rùn, adìẹ ọlọ́rùn pípá, ń tán lọ ní Kétu: báwo la ṣe lè tọ́jú ìran rẹ̀?

Olóko Kétu
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Àkùkọ abólọ́rùn kan àti àgbébọ̀ 9 ló wà nílẹ̀, gbogbo wọn ló ní ìyẹ́ tó ṣù díẹ̀ níwájú ọrùn. Nínú òròmọdìẹ 8 tó jáde nínú ẹyin wọn kẹ́yìn, ìyẹ́ bo ọrùn méjì pátápátá. Ṣé àkùkọ ìta ló gùn wọ́n ni? Ẹyin tó ń di ọ̀bu náà ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún. Àwọn ará Basque ní Sípéènì náà ní irú adìẹ yìí. Kí la lè rí kọ́ lára tiwọn?

Ọmọ Àjàṣẹ́
Ẹ má fẹ̀sùn kan àkùkọ aládùúgbò. Ìyẹ́ ṣíṣù yẹn ni àmì pé ọ̀dọ̀ òbí kan ṣoṣo ni adìẹ náà ti jogún ọrùn pípá. Bí irú wọn méjì bá gùn ara wọn, nínú ọmọ mẹ́rin, ẹ máa retí ọ̀kan tí ọrùn rẹ̀ pá pátápátá, méjì tó ní ìyẹ́ ṣíṣù, àti ọ̀kan tí ìyẹ́ bo ọrùn rẹ̀. Méjì nínú mẹ́jọ bá ìṣirò mu gẹ́lẹ́. Àkùkọ àti àgbébọ̀ tí ọrùn àwọn méjèèjì pá pátápátá ni kò ní bí oníyẹ̀ẹ́ lọ́rùn mọ́.

Ti Basque tí ẹ ń sọ ni Lepasoila, ọ̀kan nínú oríṣi márùn-ún Euskal Oiloa. Ìtumọ̀ orúkọ yẹn gan-an ni "ọrùn pípá". Ẹ dúpẹ́ pé tiyín ṣeé dá dúró, kí gbogbo ọmọ máa jọ òbí. Adìẹ Andalusia aláwọ̀ eérú kò ṣeé dá dúró láé: bí eérú bá gun eérú, dúdú àti funfun alámì tótòtó á máa yọ láàárín wọn.

Ìyá Ṣábẹ̀ẹ́
Òótọ́ ni ti ọrùn, ṣùgbọ́n ọ̀bu yẹn ló yẹ kó bà yín lẹ́rù: bóyá ìbátan ló ń gun ìbátan. Ẹ ṣírò iye adìẹ tí ẹ̀jẹ̀ agbo yín tó ní ti gidi. Ẹ fi iye àkùkọ sọ iye àgbébọ̀ di púpọ̀, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin, kí ẹ wá fi àpapọ̀ gbogbo wọn pín in. Tiyín jẹ́ 36 ÷ 10, ìyẹn 3.6. Adìẹ mẹ́wàá ń jẹ oúnjẹ yín, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ wọn ò tó ti mẹ́rin. Ẹ fi àkùkọ méjì kún un, ó di 9, láìra àgbébọ̀ kankan.

Ẹ wá àkùkọ náà ní abúlé tó jìnnà, ẹ má mú ti òyìnbó. Ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀ fún ọjọ́ 14. Ẹ ṣe ilé mẹ́ta, àkùkọ kan, àgbébọ̀ mẹ́ta nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọmọ obìnrin á dúró nílé ìyá rẹ̀. Ọmọ ọkùnrin ilé kìíní á lọ sí ìkejì, ti ìkejì sí ìkẹta, ti ìkẹta sí ìkíní. Ẹ fi òrùka aláwọ̀ sí wọn lẹ́sẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ ò ní dá wọn mọ̀ lóṣù mẹ́ta. Bí ẹ bá pààrọ̀ àkùkọ, ẹ dúró fún ọjọ́ 21 kí ẹ tó kó ẹyin sàba, torí omi àkùkọ àná ṣì wà nínú àgbébọ̀.

Kí ẹyin má lò ju ọjọ́ 7 lọ nílẹ̀, kí ṣónṣó rẹ̀ kọjú sísàlẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ keje ìsàba, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì yẹ̀ ẹ́ wò. Tó bá mọ́ gaara, ó lè jẹ́ pé àkùkọ ni kò ṣiṣẹ́. Tí òrùka ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú rẹ̀, ọmọ ti kú síbẹ̀: bóyá ìbátan gun ìbátan, bóyá ooru ti bá ẹyin nílẹ̀.

Olóko Kétu
Ẹ ṣeun, ìyá. Ṣé kí n ta oníyẹ̀ẹ́ méjì yẹn?

Ọmọ Àjàṣẹ́
Ẹ tà wọ́n. Kò sí ọrùn pípá lára wọn mọ́.

Ìyá Ṣábẹ̀ẹ́
Àkùkọ nìkan ni kí ẹ tà. Ẹ mú obìnrin fún àkùkọ tí ọrùn rẹ̀ pá pátápátá, gbogbo ọmọ wọn ló máa ní ìyẹ́ ṣíṣù, ẹ̀jẹ̀ ìyá rẹ̀ ò sì ní sọnù. Kí ilé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta má sì wà lágbàálé kan náà, àrùn lùkúlùkú (Newcastle) lè pa gbogbo wọn lọ́sẹ̀ kan. Ẹ fún wọn ní àjẹsára kí ọyẹ́ tó dé.