Kí ni Gẹ̀ẹ́sì ń pe ọmọ tí ọkọ ìyá mi ti bí kí ó tó fẹ́ ìyá mi?

Ìbéèrè
Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará. Bàbá mi àti ìyá mi kọ ara wọn sílẹ̀ nígbà tí mo wà ní kékeré. Ìyá mi fẹ́ ọkọ mìíràn ní Amẹ́ríkà, ó sì bí ọmọkùnrin kan fún un, ṣùgbọ́n ọkọ náà ti ní ọmọbìnrin kan lọ́wọ́ ìyàwó tí ó kọ́kọ́ fẹ́. Àbúrò ni mò ń pe àwọn méjèèjì. Ní báyìí tí ọkọ ìyá mi fẹ́ kọ̀wé kí n lè wá bá wọn, mo ń rí "half-brother" àti "step-sister". Ṣé ọ̀kan náà ni wọ́n?

Ìdáhùn kìíní
Rárá o. Ẹ̀jẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì fi yà wọ́n sọ́tọ̀. Ọmọkùnrin tí ìyá yín bí fún ọkọ rẹ̀, iyèkan yín ni, "half-brother" sì ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Ká ní bàbá yín ni ó bí i fún obìnrin mìíràn, ọbàkan ni àwa ì bá pè é, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì kò ní pààrọ̀ orúkọ. Ọmọbìnrin yẹn kò bá yín pín bàbá, kò bá yín pín ìyá, ìgbéyàwó nìkan ni ó so yín pọ̀, nítorí náà "step-sister" ni. Ọkọ ìyá yín ni "stepfather". Láyé àtijọ́, ọmọ òrukàn ni "stepchild" túmọ̀ sí, torí pé ikú ni ó sábà máa ń fa kí òbí tún ìgbéyàwó ṣe, kì í ṣe ìkọ̀sílẹ̀.

Ìdáhùn kejì
Inú fọ́ọ̀mù ni kí ẹ fi sí o. Ta ni yóò dúró níwájú àlejò tí yóò máa pe àbúrò rẹ̀ ní "step"?

Ìdáhùn kẹta
Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù ni pé, lábẹ́ òfin ìwọ̀lú Amẹ́ríkà, ẹ kò lè jẹ́ "stepchild" fún ọkọ ìyá yín àfi bí wọ́n bá ti ṣe ìgbéyàwó kí ẹ tó pé ọmọ ọdún 18. Ọdún mélòó ni yín nígbà náà?

Olùbéèrè
Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Ọmọ ọdún 15 ni mí nígbà náà. Màá ní kí wọ́n fi ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó wọn àti ìwé ìkọ̀sílẹ̀ ti tẹ́lẹ̀ kún un.